Síléètì Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín àgbà ohun tí wọ́n fi kọ́ bí a ti ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé síléètì ni. Síléètì jẹ́ ohun pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n ń kọ nǹkan sí, tí wọ́n sì ń nù ún kúrò. Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tí ó jọ ọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ni. Ìka ni a fi ń tẹ ojú rẹ̀. Ẹ ti lè rí i lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fi í wo fíìmù. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ kan, òun ni ẹnu wọn.

Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ kan wà tí etí wọn gbọ́, tí ohun tí a ń sọ sì yé wọn yékéyéké, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ wọn kò lè darí iṣan ahọ́n àti ètè. Ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu wọn. Àwọn aláìmọ̀kan a máa pè wọ́n ní dìndìnrìn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá kí àgbà, wọn a ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìyà ńlá ni èyí.

Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kún fún àwòrán: ife omi, àwo oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìyá, bàbá. Bí ó bá tẹ àwòrán ife, ẹ̀rọ náà yóò sọ ọ́ síta pé, "Mo fẹ́ mu omi." A tún lè gba ohùn ènìyàn sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lè sọ̀rọ̀ sí i ní Yorùbá, kí ó fi "Ẹ káàárọ̀, mà" sí ara àwòrán oòrùn òwúrọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ tí kò kí ẹnikẹ́ni rí yóò máa kí ìyá àgbà rẹ̀ láràárọ̀. Ní tèmi, èyí dára púpọ̀ ju kí ẹ̀rọ máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọrọ omi nínú ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń yan àwòrán o. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ ni. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1977.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní kíláàsì yín, ẹ má ṣe gba tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣeré. Ẹ sì mú sùúrù fún un. Wíwá àwòrán máa ń pẹ́ ju kí a la ẹnu lọ. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, páálí tí a ya àwòrán sí ni wọ́n ń lò. Ó wúlò títí di òní, pàápàá nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Afọ́jú ńkọ́? Ní ọdún 1824, ọmọ ọdún 15 kan ní ilẹ̀ Faransé, Louis Braille, tí ó fọ́jú láti kékeré, ṣe ìwé tí a ń fi ìka kà. Láti inú àmì róbótó 6 tí ó yọ sókè ni ó ti fa gbogbo lẹ́tà jáde. Ṣùgbọ́n ìwé Braille máa ń tóbi, ó sì máa ń wúwo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple ti Amẹ́ríkà gbé iPad jáde ní ọdún 2010, ohùn kan wà nínú rẹ̀ tí ń ka ohun tí ó wà lábẹ́ ìka síta. Ọmọ afọ́jú lè fi gbọ́ odindi ìwé. Síbẹ̀, gbígbọ́ nìkan kò tó. Ẹni tí kò kọ́ Braille, yóò ṣòro fún un láti mọ bí a ti ń to lẹ́tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín nìyí. Kì í ṣe gbogbo ohùn inú ẹ̀rọ ni ó gbọ́ Yorùbá. Èyí tí ó gbọ́ ọ pàápàá, ohun tí a bá kọ ni yóò kà. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Baba ra oko." Kí ni bàbá rà? Ṣé ọkọ̀ ni, àbí ọkọ́? Ẹ̀rọ kò lè béèrè lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń kọ Yorùbá sí ọ̀rẹ́ yín tí kò ríran, ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ má sì gbàgbé àmì ìsàlẹ̀.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin síléètì àti tábúlẹ́ẹ̀tì?
2. Kí nìdí tí kò fi dára láti gba tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣeré?
3. Ta ni ó ṣe ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà?
4. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí "oko" tí a kò fi àmì sí lè jẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn.