Ìkórè Ni Iṣẹ́ Álígì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń fi álígì fọ omi tí ìwakùsà bà jẹ́, inú ìgò àyẹ̀wò ni iṣẹ́ yín ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú omi náà? Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, álígì rẹ̀ á kàn kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Ẹ wo Massè wa yìí ní Adja-Ouèrè, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì NOCIBE wà. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà níbẹ̀, omi kòtò òkúta ẹfun kì í sì í sábà kan. Lẹ́búlẹ́bú òkúta, epo tó ń jò lára ẹ̀rọ, àti nitrate tí àdó ìfọ́kúta lè fi sílẹ̀ ni kí ẹ wá nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ álígì ni nitrate. Bí kòtò kan bá ṣàdédé di àwọ̀ ewé lẹ́yìn òjò, ẹ má tíì máa yọ̀. Ẹ wádìí ohun tó ń bọ́ ọ.

Ti kòtò wúrà yàtọ̀. Níbi tí òkúta tó ní imí-ọjọ́ bá ti bá afẹ́fẹ́ àti omi pàdé, omi á kan, á sì máa yọ́ irin, bàbà àti òjé mọ́ra. Ọ̀pọ̀ álígì ò lè gbé inú rẹ̀. Òkúta ẹfun ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ́ sójú ọ̀nà omi náà kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀. Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an: ohun tó kún ilẹ̀ Massè ni oògùn omi kíkan. Àmọ́ ìpẹtà máa ń bo òkúta náà lára, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Kí adágún yín má jìn ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí oòrùn lè dé ìsàlẹ̀, kí omi sì máa rìn. Lọ́sàn-án, álígì ń jẹ carbon dioxide inú omi, pH á gòkè (kíkan omi á dín kù), ọ̀pọ̀ irin tó yọ́ sínú omi á sì di ẹrẹ̀. Lóru, pH á tún wálẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án nìkan ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n ní kùtùkùtù pẹ̀lú.

Ìkórè ló wá le jù. Álígì kì í pa òjé, ó kàn ń gbà á mọ́ra ni. Bó bá kú, tó jẹrà sínú adágún, òjé náà lè padà sínú omi. Ẹ fi aṣọ asẹ́ kó o kó tó pọ́n, ẹ sá a sórí tapólì, bó bá gbẹ, ẹ kó o síbi tí ẹ lè tì pa. Ní ibùdó iṣẹ́ àgbẹ̀ Songhaï ní Porto-Novo, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, pàǹtírí oko ń di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò bá álígì omi kùsà mu: ẹ má fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ má fi bọ́ ẹja, ẹ má dà á sí ìdí àgbàdo. Ní Zamfara ní Nàìjíríà lọ́dún 2010, òjé láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń fọ́ nínú ọgbà ilé pa ọmọdé tó lé ní 400.

Ẹ má sì jẹ́ kí ará abúlé kankan bu omi adágún náà mu nítorí pé ó mọ́ lójú. Òjé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà nínú lítà omi mímu kan kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ, ojú lásán kò sì lè rí i.