Ẹ Kọ Òdo Sílẹ̀

Ẹ wọ bàtà òjò yín, ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí òkun tó fà tán. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣọ́ májèlé inú òkun létí òkun Washington níbí, mo mọ̀ pé máíkírósíkóòpù ló ń wù yín. Ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n orí ohun tí ẹ bá kọ sára àpò ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Nígbà tí mo wà bíi yín, bírò ni mo fi kọ ọjọ́ àti ibùdó sára àpò mọ́sẹ́lì mẹ́ta. Omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ nù. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé wà nínú ọ̀kan, a ò sì mọ etíkun tó ti wá. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ó kàn da gbogbo rẹ̀ nù lójú mi. Láti ọjọ́ náà, lẹ́ẹ̀dì ni mò ń lò, mo sì máa ń kọ ọ́ kí ẹsẹ̀ mi tó kan omi.

Bí ẹ bá fa àwọ̀n tán, ẹ pín omi inú rẹ̀ sí ìgò méjì. Ẹ kán àyíọ́dìn Lugol sí ọ̀kan kó má bàjẹ́. Ẹ gbé ìkejì síbi tútù tí oòrùn ò dé, torí ewéko wínníwínní inú òkun, tí irú rẹ̀ kan ń ṣe májèlé, rọrùn láti dá mọ̀ nígbà tó bá ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ ju ìgbà tó bá ti kú lọ.

Ẹ má gba àwọ̀ omi gbọ́. Òkun lè pupa láìsí májèlé, ó sì lè mọ́ gaara kó pani. John Carter, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ George Vancouver, jẹ mọ́sẹ́lì tó ní májèlé láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1793 létíkun Kánádà. Kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in, iná ò ran májèlé yẹn. Bí omi bá sì ti mọ́ padà, kò túmọ̀ sí pé ẹran inú ìkarahun ti mọ́: ẹ wo domoic acid, májèlé mìíràn; mọ́sẹ́lì a máa tètè tú tirẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n razor clam lè dì í mú fún ọdún kan.

Ọjọ́ tí ẹ bá wò, tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ kọ 0. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi sílẹ̀ lófìfo. Ta ni yóò wá mọ̀ bóyá ẹ wá, àbí ẹ sùn? Ní 2015, Pseudo-nitzschia, ewéko wínníwínní tó ń ṣe domoic acid, gba etíkun láti California dé Alaska, wọ́n sì ti etíkun níbí mọ́ àwọn tó ń wú razor clam. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tírú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òdo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni yóò wá.

Wọ́n á bi yín lórí iyanrìn pé, “Ṣé razor clam yìí ṣeé jẹ?” Ẹ ní kí wọ́n lọ wo ìkéde ìjọba. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí, ìkéde yẹn náà ni mo máa ń dúró dè.

Òkun ti fà. Ẹ má kẹ́yìn sí i o. Lẹ́ẹ̀dì yín dà?