ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA LÓ Ń TẸ BỌ́TÌNÌ?

Ẹ ka Diutarónómì 30:15-20.

Àwọn ọmọ wa kan mọ géèmù tó ń jẹ́ Deltarune. Toby Fox, ará Amẹ́ríkà, ló gbé apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2018. Ọmọ kan wà níbẹ̀, Kris lorúkọ ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì, Kris á rìn. Ọkàn pupa kékeré kan tó wà láyà ẹ̀ lẹ fi ń darí ẹ̀. Ẹ ti di ọlọ́run kékeré lórí ẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Nígbà tí apá yẹn ń parí lọ, lóru, Kris dìde lórí ibùsùn, ó fọwọ́ ara ẹ̀ fa ọkàn náà yọ, ó jù ú sínú àgò ẹyẹ. Ẹ̀rù á bà yín!

Irú ọlọ́run yẹn gan-an lọ̀pọ̀ nínú wa ń wá. A óò gbàdúrà pé, "Olúwa, jẹ́ kí n dárí ji ẹ̀gbọ́n mi," a óò wá jókòó, ká máa retí kí Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ wo ẹsẹ 19. Ọlọ́run gbé ọ̀nà méjì síwájú Ísírẹ́lì, Ó tiẹ̀ sọ èyí tó wu Òun kí wọ́n mú, síbẹ̀ kò bá wọn mú un. Àbí kò lágbára ẹ̀ ni? Ẹni tí à ń darí bíi Kris lè gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò lè fẹ́ràn ẹni.

Ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣì wà lórí fóònù, kó pè é kó tó jáde lónìí. Bí kò bá gbé e, kó tún un pè lálẹ́.