ÁÍSÌKIRÍMÙ INÚ KÉÈKÌ FÚN ÌGBÀ OORU

Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, kí òjò tó máa rọ̀ dáadáa, gbogbo wa la mọ bí páànù orí ìsọ̀ wa ṣe máa ń gbóná. Ẹni tó ń ta ata ń làágùn, ẹni tó ń ta aṣọ ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé á sì máa fa ìró wa pé kí a ra nǹkan tútù fún àwọn. Owó tó ń tọwọ́ wa lọ sórí nǹkan tútù ní àsìkò yìí kò kéré rárá. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá: bí a ṣe lè ṣe áísìkirímù sáńwíìsì nílé, ìyẹn áísìkirímù tí a fi kéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì há sáàárín. Ọmọ wa lè jẹ ẹ́, a sì lè tà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nǹkan olówó ni. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò Bowery ní ìlú New York ni wọ́n ń ta áísìkirímù sáńwíìsì ní sẹ́ǹtì kan péré. Ọmọ tó ń nu bàtà ń rà á, ọ̀gá tó wọ kóòtù náà ń rà á. Ọlọ́jà bíi tiwa ni wọ́n.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Kí a tó sọ bí a ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí a ti fẹsẹ̀ kọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò, 48 la ṣe fún àpèjẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. A kó o sínú fíríìsà lálẹ́, a lọ sùn. Iná lọ lóru. Epo kò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tó yá, iná dé. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ dá a padà jàre, yóò tún dì. Ta ló máa mọ̀?"

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí, nítorí owó tí a ti ná ń dùn wá. A dúró yí fíríìsà náà ká, a ń jiyàn. Ni àgbà ìyá kan láàárín wa bá bèèrè pé, "Ọmọ ta ni ẹ fẹ́ fún jẹ?" Ẹnu wa wọhò. A da gbogbo rẹ̀ nù. Owó lọ, ojú tì wá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí inú rẹ̀ run.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nìyẹn: òtútù ni ọjà tí à ń tà. Bí òtútù bá já, ọjà ti bàjẹ́. Dídì kì í pa kòkòrò àìsàn tó wà nínú mílíìkì, ó kàn ń mú wọn sùn ni. Bí áísìkirímù bá ti yọ́, wọ́n á jí, wọ́n á máa bí sí i. Bí a bá tún mú un dì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú kò lè rí i, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ A Ó LÒ

Fún kéèkì:
Ẹyin 4
Ṣúgà 120 g
Fláwà 120 g
Òróró ṣíbí ìjẹun 3
Béékìn pọ́dà ṣíbí tíì 1
Iyọ̀ díẹ̀

Fún áísìkirímù:
Pọ́dà "whipping cream" kọ́ọ̀bù 2 (ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èèlò kéèkì)
Mílíìkì agolo tó ń ṣàn, kọ́ọ̀bù 1, kí ó tutù gan-an
Mílíìkì agolo tó ki tó sì dùn, ìdajì agolo
Fẹ̀nílà ṣíbí tíì 1
Iyọ̀ bíńtín

Ẹ kíyè sí i: òróró la kọ fún kéèkì, a kò kọ bọ́tà. Ó nídìí. Bọ́tà máa ń le nínú fíríìsà, kéèkì rẹ̀ á le bí búrẹ́dì àná, eyín ọmọdé kò ní lè gé e. Òróró kì í le bẹ́ẹ̀, nítorí náà kéèkì olóròóró máa ń rọ̀ lẹ́nu bó ti wù kó tutù tó. Ẹ tún kíyè sí i pé kò sí ẹyin tútù nínú áísìkirímù wa. Àwọn kan máa ń fi sí i. Ẹ má ṣe é. Ẹyin tí iná kò kàn lè ní àìsàn nínú, òtútù kò sì ní pa á.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Kéèkì la ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ po ẹyin àti ṣúgà títí yóò fi ki, tí yóò fi funfun. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ, bí ìṣẹ́jú 8. Tó bá jẹ́ ọwọ́, ẹ mú sùúrù, ó lè tó ìṣẹ́jú 15. Afẹ́fẹ́ tó wọ inú ẹyin ló ń gbé kéèkì yìí sókè.

2. Ẹ jọ fláwà, béékìn pọ́dà àti iyọ̀ pọ̀, ẹ rọra fi ṣíbí yí i mọ́ ẹyin náà. Ẹ má pò ó kíkankíkan, kí afẹ́fẹ́ má baà jáde. Lẹ́yìn náà ẹ rọra da òróró sí i láti ẹ̀gbẹ́.

3. Ẹ tẹ́ bébà sínú páànù pẹrẹsẹ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Ẹ dà á sí i, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ sun ún nínú ófùnù ní 180°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ẹni tí kò ní ófùnù, kí ó pín in sí páànù kékeré, kí ó sun ún nínú ìkòkò ńlá tó ní iyanrìn nísàlẹ̀, kí ó de ìkòkò náà, kí ó sì fi ẹ̀yinná sórí ọmọrí. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó sì dìde padà, ó ti jinná.

4. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Ẹni tó bá kánjú yóò rí i pé kéèkì gbígbóná yóò yọ́ áísìkirímù rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ẹ gé e sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 sí 30.

5. Ó kan áísìkirímù. Ẹ fi abọ́ àti ohun tí ẹ ó fi pò ó sínú fíríìsà fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ooru ọjà wa kò ní jẹ́ kí pọ́dà náà wú. Ẹ po pọ́dà mọ́ mílíìkì tó tutù títí yóò fi dúró lórí ṣíbí láìṣàn. Ẹ wá fi mílíìkì tó ki, fẹ̀nílà àti iyọ̀ sí i, ẹ rọra yí i pọ̀. Ìdajì agolo tó, nítorí ṣúgà ti wà nínú pọ́dà náà tẹ́lẹ̀.

6. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù oúnjẹ tó mọ́ sínú àwo tó gba kéèkì náà. Ẹ fi kéèkì kan sísàlẹ̀, ẹ da áísìkirímù lé e ní gíga bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ fi kéèkì kejì bò ó. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù dì í dáadáa, ẹ gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì.

7. Ẹ ki ọ̀bẹ sínú omi gbígbóná, ẹ nù ún, ẹ gé e ní 4 sí 4. Sáńwíìsì 16 nìyẹn. Ẹ fi fọ́ìlì wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tètè dá wọn padà sínú fíríìsà.

BÍ Ó ṢE MÁA TUTÙ DÉ ỌJÀ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń pàdánù. Kúlà tí a fi ń ta omi àti mínírà kò tó fún áísìkirímù bí a bá fi yìnyín lásán sí i. Omi máa ń dì ní 0°C, ṣùgbọ́n áísìkirímù ní ṣúgà nínú, òtútù rẹ̀ ní láti lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ kó tó le. Yìnyín lásán kò lè mú un dúró.

Iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá fọ́ yìnyín kilo 3, tí ẹ sì fi iyọ̀ kilo 1 pò ó, òtútù rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ odo títí dé ìwọ̀n bí 20. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe áísìkirímù kí iná mànàmáná tó dé. Nancy Johnson, obìnrin ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ áísìkirímù alọ́wọ́yí ní 1843, yìnyín àti iyọ̀ ló sì ń mú ẹ̀rọ náà tutù. Ẹ di yìnyín oníyọ̀ náà sínú náílọ́ọ̀nù tó nípọn kí omi iyọ̀ má baà wọ oúnjẹ, ẹ fi sísàlẹ̀ àti sórí sáńwíìsì, ẹ de kúlà. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un pẹ́, ó lè jó ọwọ́ bí iná.

Nílé ńkọ́? Fíríìsà tó kún máa ń pa òtútù mọ́ ju èyí tó ṣófo lọ. Bí ọjà kò bá kún un, ẹ fi ike omi dídì kún un. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí i wò.

Kí ẹ sì lè mọ̀ bóyá iná lọ nígbà tí ẹ kò sí nílé, ẹ fi áísìkirímù díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù kékeré, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ gbé owó ẹyọ kan lé e lórí, kọ́bọ̀ àtijọ́ náà dára. Bí ẹ bá dé tí owó náà ti rì sínú, ó ti yọ́, bó tilẹ̀ tún ti dì padà. Ẹ má tà á. Àwa kì í ṣe fíríìsà láìfi kọ́bọ̀ yìí sí i mọ́.

ẸLÓ NI A Ó TÀ Á?

Ẹ má wo ojú aládùúgbò ta ọjà o. Ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀: èèlò, yìnyín, iyọ̀, epo jẹnẹrétọ̀, fọ́ìlì, owó ọkọ̀, àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Bí àpẹẹrẹ, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ₦8,000, ẹ pín in sí 16, ₦500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wa. Ṣùgbọ́n bí méjì bá yọ́ dànù, 14 ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di nǹkan bíi ₦571. Ẹni tó bá ń tà á ní ₦550 rò pé òun ń jèrè, gbèsè ló ń jẹ. Ẹ ṣírò èyí tó máa bàjẹ́ mọ́ owó ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìdánwò dídá a padà sínú fíríìsà má baà borí yín.

Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sára páálí, kí ó máa kó o fún ṣọ́ọ̀bù, kí ó kọ́kọ́ lọ bá NAFDAC fún ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá ká yín mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 16 péré, ẹ fún àwọn ará ilé jẹ ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oníbàárà tó bá gbà wá gbọ́ pé a kò ní fún ọmọ òun ní nǹkan búburú jẹ, òun náà ni yóò padà wá lọ́la, yóò sì mú ẹlòmíràn dání.