Bí Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná Bá Ń Rùn Bí Epo: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Àgbàlagbà

Ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná nìkan kò ní táńkì epo, kò sì ní ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo. Nítorí náà, bí ẹ bá gbóòórùn pẹtiróòlù nínú rẹ̀, ibì kan ni òórùn náà ti wọlé wá, ó sì yẹ kí a wá orísun rẹ̀ rí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ìdí tí ó fi kan ìlera yín

Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára pẹtiróòlù máa ń fa orí fífọ́, òòyì, èébì àti ojú títa. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí à ń pè ní benzene, èyí tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bí ènìyàn bá ń fà á símú fún ìgbà pípẹ́. Afẹ́fẹ́ epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti ilẹ̀ gáréèjì ni ó máa ń rọ̀ sí, ìpẹ́pẹ́ iná kékeré sì lè ràn án, àní nígbà òtútù pàápàá.

Bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i, agbára imú máa ń dínkù. Bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín bá sọ pé òun gbóòórùn epo, tí ẹ̀yin kò sì gbọ́ ọ, ẹ gbà á gbọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ẹ má ṣe mu sìgá, ẹ má sì ṣá ìṣáná. Ẹ má ṣe ki ọkọ̀ náà mọ́ iná láti gba ṣáàjì títí òórùn yóò fi lọ.

Bí a ṣe ń wá orísun rẹ̀

1. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bàtà yín àti ẹní ẹsẹ̀ inú ọkọ̀. Ẹni tí ó tẹ epo mọ́lẹ̀ níbi tí ó ti lọ fẹ́ táyà ní ilé epo lè gbé e wọlé láìmọ̀.

2. Ẹ wo búùtù. Kẹ́ẹ̀gì epo ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko ni ó sábà máa ń jò síbẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ sì wo ihò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

3. Bí òórùn náà kò bá wá àfi nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Bí òórùn bá dínkù, ìta ni ó ti ń wá: bóyá láti ara ọkọ̀ mìíràn tí ó wà ní tòsí.

4. Ẹ rí i dájú pé ọkọ̀ yín kì í ṣe irú èyí tí ń lo iná àti epo pọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe wà á. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Bí a ṣe ń mú un kúrò

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi àkísà tàbí iyẹ̀pẹ̀ tí a ń rà fún ìgbẹ́ ológbò fa epo tí ó tutù, kí ẹ sì kó wọn síta. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ fà á, nítorí ó lè gbaná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà tí a rẹ sínú omi ọṣẹ, tí a sì fún dáadáa, nu ojú ibẹ̀. Ẹ má ṣe da omi sí i, nítorí wáyà lè wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbẹ, ẹ wọ́n sóódà tí a fi ń ṣe kéèkì sí i, kí ó sùn síbẹ̀.

Lọ́fínńdà kì í mú epo kúrò. Ńṣe ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí òórùn bá ṣì wà, ẹ ní kí mẹkáníìkì pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ ọkọ̀.

Ẹ má ṣe da epo sínú gọ́tà. Ẹ má ṣe fi aṣọ tí epo kàn sínú ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kánsù ibi tí a ń kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sí.

Fífi epo pamọ́

Òfin ilẹ̀ Britain ti ọdún 2014 gba lítà 30 láyè nílé láìsọ fún aláṣẹ. Kẹ́ẹ̀gì oníke kò gbọdọ̀ ju lítà 10 lọ, ti onírin kò sì gbọdọ̀ ju 20 lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Nígbà tí kì í ṣe epo

Bátìrì tí ó bàjẹ́ lè mú òórùn wá bí ti oje tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò. Bí ẹ bá rí èéfín, tàbí tí ẹ gbọ́ ariwo bí ti ejò tí ń sín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jìnnà sí ọkọ̀, ẹ pe 999, kí ẹ sì sọ fún àwọn panápaná pé ọkọ̀ oníná mànàmáná ni. Ẹ má ṣe padà lọ mú ẹrù. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn láé.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ilé ni ẹ ti gbóòórùn gáàsì, 0800 111 999 ni kí ẹ pè.

Bí ara yín kò bá yá

Ẹ bọ́ síta gba afẹ́fẹ́. Bí epo bá kan ara, ẹ bọ́ aṣọ náà, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi wẹ̀. Bí orí fífọ́ tàbí òòyì kò bá lọ, ẹ pe 111. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni bá dákú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀.