Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ: Ìmọ̀ràn fún Ìdílé tí Ìjì Ń Bọ̀ Wá Bá

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ, ìyẹn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e sá, ni àwọn àgbà fi pa òwe náà, wọn kò fi jagunjagun pa á. Nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè dúró títí ogun yóò fi wọ ìlú kó tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àkókò tí ó wà láàárín ìkìlọ̀ àti ogun nìkan ni arọ ní. Ìlànà kan náà ni ó yẹ kí ìdílé tí ìjì ń bọ̀ wá bá tẹ̀ lé: ẹni tí kò lè sá ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ìmúrasílẹ̀ wọn.

Ìjì, ìyẹn ẹ̀fúùfù líle tí ó ń kó òjò, àrá àti mànàmáná bọ̀, kì í sábà dé láìkágò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò, láti nǹkan bí oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti ìparí rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, ni ó sábà máa ń le jù. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó máa ń gbà yọ: ojú ọ̀run ibẹ̀ yóò ṣú dùdù, ooru tí ó ti ń mú láti òwúrọ̀ yóò rọlẹ̀ lójijì, eruku yóò sì gbéra kí ẹ̀kán òjò kan tó kán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó lè kù lẹ́yìn àwọn àmì wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí oòrùn ń ràn ni ó yẹ kí wọ́n kan páànù tí ìṣó rẹ̀ ti yọ, nítorí bí ẹ̀fúùfù bá ti rí etí páànù kan gbá mú, yóò ká ìyókù bí ẹni ká ẹní.

Bí òjò bá ti ṣú, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, aláboyún àti ọmọ ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí yàrá inú, tí ó jìnnà sí fèrèsé àti sí ìhà tí igi ńlá wà. Kí wọ́n di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá náà sínú náílọ́ọ̀nù, kí wọ́n ta á ní kókó, kí iná tọ́ọ̀ṣì àti kẹ́ẹ̀gì omi mímu sì wà nítòsí rẹ̀. Àwọn àgbà a máa fi aṣọ bo dígí nítorí àrá. Àṣà ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n wáyà iná àti páìpù omi ni mànàmáná máa ń gbà wọlé, nítorí náà kí wọ́n yọ tẹlifíṣọ̀n lára iná, kí ẹnikẹ́ni má sì wẹ̀. Kí wọ́n má ṣe torí òjò gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, tí ó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Nígbà tí gbogbo ilé bá ti péjọ, iṣẹ́ kan wà tí ó lè mú ẹ̀rù kúrò lára ọmọdé: kí ó máa ka oókan, eéjì, láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí àrá yóò fi sán. Ìró a máa rin kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí kíkà náà kò bá pé 30, àrá náà ti súnmọ́ débi tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Kí ẹnikẹ́ni má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tí ó sán kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ó yẹ ní dídúró sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì gbé ilé àti ènìyàn lọ; ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé, ìyẹn àgbàrá tí ó ń ya wọ ilé onílé, tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 nínú ìlú kan náà. Oṣù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òjò ń sinmi ni méjèèjì ṣẹlẹ̀. Omi tí ń ṣàn, tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tí ó bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé mọ́tò kékeré. Nítorí náà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò gbọ́dọ̀ kó ìdílé rẹ̀ lọ sí ibi gíga kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí òjò kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Kí òjò mìíràn tó ṣú, kí olórí ilé kọ̀ọ̀kan pe ìdílé rẹ̀ jọ, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gbé ìyá àgbà, ẹni tí yóò pọn ọmọ, àti ilé tí wọn yóò forí lé. Ìdílé tí ó bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni arọ tó gbọ́n.