Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ OMI: Omi Tó Ń Dán Lè Má Mọ́

 

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àrùn tó ń gbé inú omi, ọ̀tá gbogbo wa ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì, tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà, bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Bí irú rẹ̀ bá wọ àdúgbò, olóúnjẹ, olómi, ẹni tó ń ta èso, kò sí ẹni tí kò ní kàn. Oníbàárà á sá, ọmọ á ṣàìsàn, owó ọjà á di owó ilé ìwòsàn.

Bí a bá kàn ní kí ènìyàn ṣọ́ra fún omi, á ní: "Omi kànga wa mọ́ o, ẹ wo bó ṣe ń dán!" Ìdí nìyí tí a kò fi fẹ́ fi ẹnu lásán kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe é lọ́jọ́ ìpàdé, kí kálukú fi ojú ara rẹ̀ rí i.

ÌDÁNWÒ KÌÍNÍ: IFE MÉJÌ
Ẹ wá ife onígíláàsì méjì. Ẹ bu omi tó ṣeé mu sí méjèèjì. Ní kọ̀rọ̀, ẹ po ṣíbí iyọ̀ kan sínú ọ̀kan títí yóò fi yòrò, kí ẹ jẹ́ kó tòrò. Ẹ wá bi ìpàdé pé: èwo ni iyọ̀ wà nínú rẹ̀? Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n, àfi kí wọ́n tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò àrùn, ojú kò rí i. Tirẹ̀ tiẹ̀ burú ju ti iyọ̀ lọ, nítorí ahọ́n pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n.

ÌDÁNWÒ KEJÌ: KÀNGA ÀTI ṢÁLÁŃGÁ
Ẹ wá abọ́ rọ́bà ńlá kan, yanrìn tí bíríkìlà ń lò, agolo kékeré méjì, àti omi sóbò tó pọ́n dáadáa. Ẹ fọ yanrìn náà. Ẹ fi ìṣó lu ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ agolo méjèèjì. Ẹ gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún abọ́, èkejì sí apá òsì, kí ẹ kó yanrìn yí wọn ká. Ẹ da omi sórí yanrìn títí omi yóò fi hàn nínú agolo méjèèjì.

Ti ọ̀tún ni kànga, ti òsì ni ṣáláńgá. Ẹ rọra da omi sóbò sínú ṣáláńgá. Kí ẹnì kan máa fi ṣíbí bu omi kúrò nínú kànga, bí ẹni tó ń fa omi. Tó bá yá, omi kànga á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ta ló da sóbò sí i? Kò sí! Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà wá. Bí a ṣe ń fa omi kànga, bẹ́ẹ̀ ni kànga ń fa omi àyíká rẹ̀ mọ́ra.

Ó yẹ kí àárín ṣáláńgá àti kànga tó mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, kí ṣáláńgá má sì wà lókè kànga. Ẹni tó kọ́lé sórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, ibo ni yóò ti rí ìyẹn? Ti aládùúgbò ńkọ́?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ
Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ọdún 1854, kọ́lẹ́rà pa ènìyàn tó lé ní 600 ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà ní òórùn burúkú ló fà á. Dókítà John Snow kò gbà. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bi wọ́n pé: níbo lẹ ti ń pọn omi? Ó rí i pé páǹpù Broad Street ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú ti ń pọn omi. Opó kan ti kó kúrò ládùúgbò náà, ṣùgbọ́n omi páǹpù yẹn dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé wọ́n ń gbé e wá fún un lójoojúmọ́. Òun náà kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ páǹpù náà. Nígbà tí wọ́n wá hú ilẹ̀ wò, kòtò ìgbẹ́ ilé kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ sí kànga náà, ó sì ń jò.

Ẹ ṣàkíyèsí o: ìbéèrè tí Snow bi, ìyálọ́jà èyíkéyìí lè bi í.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE
1. Omi mímu, àti èyí tí a fi ń po sóbò tàbí kúnú, kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Kí ó tutù nínú ohun tí a dé.
2. Ẹni tí owó gáàsì tàbí èédú wọ́n fún, kó ra oògùn omi ní kẹ́mísìtì. Kó tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, kó sì dúró fún ìdajì wákàtí kó tó mu ún.
3. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi tòrò ni, kì í pa kòkòrò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.
4. Ẹ má ti ọwọ́ bọ inú omi mímu. Ẹ lo ife tó ní ọwọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó bu oúnjẹ fún oníbàárà.
5. Ẹni tó bá ń ya ìgbẹ́ olómi ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ
Níbo ni omi tí a ń lò lọ́jà wa ti ń wá? Ṣáláńgá wo ló sún mọ́ ọn jù? Ta ni yóò lọ wọ̀n ọ́n?

Kí ẹ mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ ṣe ìdánwò náà lójú àwọn ọmọ yín nílé pẹ̀lú. Ohun tí ọmọ bá fi ojú rí, kì í tètè gbàgbé.